Apá Kejì Tí Ràúdátù Kò Wò

Bí o bá fẹ́ rí ìbínú Ràúdátù, kò nira rárá. Lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Sakété, níbi tó ti ń ta abọ́ rọ́bà, kòròbá àti ìkòkò, kí o sọ fún un pé fíìmù báyìí-báyìí kò dára, kí o wá jẹ́wọ́ pé o ò wò ó tán. Yóò gbé abọ́ tó ń nù sílẹ̀. Yóò bi ọ́ pé ta ló fi ọ́ ṣe adájọ́. Yóò bi ọ́ bóyá bí o ṣe ń ṣe nílé àna rẹ náà nìyẹn, tí o máa jẹ ìdajì oúnjẹ, tí o sì máa lọ sọ fún gbogbo àdúgbò pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ti ra kòròbá tí kò sí lọ́kàn wọn, kí wọ́n ṣáà lè rí ọ̀nà lọ.

Ọmọ Súbérù aláṣọ ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni ọkùnrin kan ṣí ilé fídíò sí nígbà tí Ràúdátù wà lọ́mọdé, ibẹ̀ ni gbogbo ìlú sì ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì wo fíìmù Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà. Súbérù ò gbà kí ọmọ rẹ̀ wọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ló wà láàárín, ògiri náà sì ní ihò kan tó gba ojú kan ṣoṣo. Ojú kan yẹn ni Ràúdátù fi kọ́ fíìmù. Àwọn tó sanwó á ti máa dìde kí fíìmù tó parí, nítorí wọ́n rò pé àwọn ti mọ ibi tó ń lọ. Òun á ṣì wà nídìí ihò rẹ̀, tí ọrùn ń dùn ún, títí ojú télé yóò fi ṣókùnkùn. Títí di òní, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dìde wọ̀nyẹn ṣì ń bí i nínú.

Ìbínú náà ló gbé e dé orí rádíò ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Wọ́n pe ọkùnrin kan láti Kútọnu wá sí rádíò Sakété kó wá sọ èrò rẹ̀ nípa fíìmù, ọkùnrin náà sì yin ọ̀kan tó ní ó parí sí ìgbéyàwó aláriwo. Ràúdátù wà ní ìsọ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ìyàwó inú fíìmù yẹn kú kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwòrán ara páálí fíìmù ni ọkùnrin náà wò, ó rí aṣọ funfun, ó gbà pé aṣọ ìyàwó ni, aṣọ òkú sì ni. Ràúdátù ti ìsọ̀ rẹ̀, ó rìn dé rádíò, ó wọlé láì kan ilẹ̀kùn, ó sì sọ fún un lójú gbogbo wọn pé ẹni tó bá ń jẹun nídìí fíìmù yẹ kó ní ojú tó fi ń wò ó. Wọn ò tíì pa míkíró. Gbogbo Sakété gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àwọn ará rádíò sì ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ṣe di tirẹ̀ nìyẹn. Kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Fíìmù Amẹ́ríkà kan wà tí ọkùnrin kan ti já bọ́ láti inú bàálù lẹ́ẹ̀mẹta tí fìlà ò sì ṣí lórí rẹ̀. Ràúdátù ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun béèrè ibi tí wọ́n ti ra fìlà yẹn, òun fẹ́ máa tà á. Ó sunkún nídìí fíìmù Íńdíà kan tó gùn ju ìrìn àjò Pobè sí Pàrákú lọ, ó ní orin pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí èyí tí wọ́n kàn kọ láìnídìí. Nípa àwọn fíìmù tó ń ti Nàìjíríà wọlé, ó ní ìyá ọkọ inú wọn ti burú débi pé òun ń fẹ́ mọ irú obìnrin tó bí àwọn tó ń kọ wọ́n. Ọ̀kan sì wá láti Kútọnu, tó gba ẹ̀bùn nílẹ̀ òyìnbó, tí tọkọtaya kan ti ń wo òkun fún wákàtí kan gbáko, tí wọ́n sì gé e níbi tí obìnrin náà ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní fíìmù náà jinlẹ̀. Ràúdátù ní òkun ló jinlẹ̀, fíìmù náà kàn dúró létí rẹ̀ ni. Kò sí ohun tó kórìíra tó irú fíìmù tí kì í parí yìí. Ó ní àṣà tuntun ni, kéèyàn gbé ẹsẹ̀ ẹni sókè kó má sì bá ẹni gbé e sílẹ̀.

Òfin kan ló ní: kò ní í la ẹnu láìjẹ́ pé ó wo fíìmù lẹ́ẹ̀mejì dé òpin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní òfin kankan. Àwọn kan wà tí ìrẹsì àti àdìẹ tí wọ́n fún wọn jẹ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Léonce, olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ń sọ tirẹ̀ ní Faransé lọ́jọ́ Sátidé, gbólóhùn méje péré ló ní láti ọjọ́ tó ti dé: àwòrán mọ́lẹ̀, àwọn òṣèré gbìyànjú, ìtàn ń fẹ́ àtúnṣe, àti mẹ́rin mìíràn. Ràúdátù máa ń bú u lórúkọ lórí míkíró. Léonce náà a máa rẹ́rìn-ín, a ní Tàńtí Ràúdátù ni ìyá àwọn.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ni Flavienne fi káàdì fóònù kan, irú èyí tí wọ́n ń kó fíìmù sí, rán ọlọ́kọ̀ sí i láti Towé. Aránṣọ ni Flavienne. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe fíìmù kan, òun àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀, ó sì pè é ní *Ọ̀pẹ Mẹ́tàdínlógún*. Wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilé àwọn ọ̀dọ́ ní Pobè lọ́jọ́ Àìkú kejì tó ń bọ̀. Bí èrò bá kún, àwọn ará kọ́múùnù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ti ṣèlérí pé àwọn á gbé e lọ sí Issaba àti gbogbo abúlé tó kù. Bí èrò ò bá wá, ó parí síbẹ̀ nìyẹn.

Ràúdátù ki káàdì bọ ara télé, ó jókòó. Fíìmù náà dá lórí opó kan ní Towé tó ń lọ gé ìdì ẹyìn lóko àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó ń gé e, ó ń rù ú, ó ń wo ẹ̀yìn. Wọ́n ká a mọ́ ìdí ọ̀pẹ, gbogbo abúlé sì lé e pẹ̀lú ariwo olè, olè. Ó ṣubú. Ojú télé ṣókùnkùn.

Ràúdátù ò dìde nídìí télé. Opó lòun náà. Ọjọ́ kẹjọ tí ọkọ rẹ̀ kú ni àwọn ẹbí ọkọ ti kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n sì tú àpótí rẹ̀ wò níwájú àwọn ọmọ, pé kí àwọn mọ ohun tó jí. Ó wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kejì, gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀. Olè, olè, ó ṣubú, ojú télé ṣókùnkùn. Ó ní àṣà àwọn ará Kútọnu ti dé Towé nìyí.

Ohun tó sọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn rèé, àwọn èèyàn ṣì rántí rẹ̀. Ó ní, "Opó ni mí, mo mọ orúkọ tí wọ́n ń pe opó. Flavienne gbé opó kan wá, ó fi í ṣe olè, ó sì fi í sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, olè ni obìnrin yẹn. Ẹ má lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àga ṣófo."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, obìnrin méjì dé ìsọ̀ rẹ̀. Èyí tó kéré dàgbà tó ogójì ọdún, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èyí tó dàgbà wọ sùtánà funfun ìjọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú láti inú ọkọ̀. Ràúdátù mọ ìyá náà kí wọ́n tó kí i. Òun ni obìnrin inú fíìmù.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni Flavienne wí. "Ìyá mi rèé, Màmá Déborah. A ò wá jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Kí lẹ rí sí ibi tí pèrègún ti hù?"

"Pèrègún wo?"

Flavienne wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Oníbàárà kan ń kan ìdí kòròbá láti mọ̀ bóyá ó nípọn.

"Apá méjì ni fíìmù, Màmá," ni Flavienne wí níkẹyìn. "Méjèèjì ló wà lórí káàdì."

Gbogbo ẹni tó ń wo fíìmù Yorùbá ló mọ̀ pé apá kìíní máa ń ní apá kejì. Ràúdátù mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa kọ ọ́ síbi tí apá kìíní bá parí sí pé kí ẹ máa retí èyí tó kù. Flavienne ò kọ nǹkan kan, nítorí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ ọ́. Télé ṣí ọ̀kan, ó sì dákẹ́. Ràúdátù sì ti múra tán láti bínú sí ẹni tó gé fíìmù láìparí, kò wá òmíràn. Ó wo apá kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ sọ fún gbogbo agbègbè Plateau pé òun dé òpin.

Wọ́n wo apá kejì níbẹ̀, láàárín àwọn abọ́, lórí fóònù Flavienne. Opó náà àti ọkọ rẹ̀ ló gbin ọ̀pẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri pèrègún sí ààlà. Nígbà tí ọkọ kú, àbúrò ọkọ gé pèrègún náà mọ́lẹ̀, ó ro ibẹ̀ pọ̀ mọ́ oko tirẹ̀, ó sì pe opó lólè. Kò sí ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni òjò rọ̀. Pèrègún tí wọ́n gé kò kú. Ó yọrí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò lọ gbọọrọ, ọ̀pẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún sì wà nínú. Wọn ò ṣe é ní eré. Flavienne ti dúró de òjò mẹ́ta lóko ìyá rẹ̀ gan-an kí pèrègún tó hù tó bó ṣe fẹ́.

"Wọ́n ti ń pè mí lólè fún ọdún mọ́kànlá," ni Màmá Déborah wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo wá sọ pé kó dáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú rí i. Àmọ́ lánàá, ìyàwó àbúrò ọkọ mi pàdé mi lọ́nà odò. Ó ní rádíò ti dá ẹjọ́ náà."

Ràúdátù bínú sí télé. Ó bínú sí Flavienne tí kò kọ nǹkan sí òpin. Ó bínú sí Nasser, ọmọ rẹ̀, tó ta télé náà fún un, tí kò sì sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. Nígbà tó bínú sí gbogbo wọn tán, ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù ṣì kù, kò sì rí ẹni tí òun máa gbé e fún. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ó gbọ́ Léonce lórí rádíò. Léonce ní *Ọ̀pẹ Mẹ́tàdínlógún* jẹ́ ìtàn olè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwòrán mọ́lẹ̀, àwọn òṣèré gbìyànjú. Ràúdátù dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà rádíò.

"Ṣé o wò ó?"

"Rárá o, Tàńtí," ni Léonce wí, ìtìjú ò tilẹ̀ sí lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin wò ó. Kí ni mo tún ń wò ó sí? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹ kì í dìde kó tó tán."

Kò sí èébú tí wọ́n bú Ràúdátù rí tó dùn ún tó ìyìn yẹn.

Ó wọlé tọ Pacôme, dìrẹtẹ̀, ọ̀gá rádíò náà. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òun fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, lórí míkíró kan náà, ní aago kan náà. Pacôme fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni Pacôme, ẹni tó máa ń fi pẹ̀lẹ́ ṣe ohun tó burú.

"Tàńtí, bí a bá ní a ṣìṣe lónìí, wọ́n á ní irọ́ la ti ń pa láti ọdún mẹ́jọ. Ẹyin lohùn. Ó ti fọ́. Ẹ jẹ́ ká gbá a, ká sọ̀rọ̀ fíìmù mìíràn."

"Ẹyin ta ló fọ́, Dìrẹtẹ̀? Ẹyin yín ni àbí tèmi?"

"Ta ló máa rántí arúgbó kan ní Towé lóṣù tó ń bọ̀?"

"Towé," ni Ràúdátù dáhùn. "Towé ló máa rántí. Ibẹ̀ ló ń gbé."

Pacôme ní kó sinmi lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Léonce ló jókòó sí ipò rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ó ń fi gbólóhùn méje rẹ̀ ṣe àlàyé fíìmù ogun kan. Ràúdátù gbọ́ ọ ní ìsọ̀, ó pa rádíò, ó sì to gbogbo abọ́ tó ti tò tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tagbára-tagbára. Inú ń bí i sí rádíò tó lè fi wákàtí méjì ka orúkọ àwọn tó kí ara wọn, tí kò sì ní ìṣẹ́jú márùn-ún fún orúkọ obìnrin kan tó bà jẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó wá ọlọ́kadà zémidjan kan tó so gbohùngbohùn mọ́ iwájú alùpùpù rẹ̀, èyí tó fi máa ń kéde òkú. Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀ dé Towé. Ní ìkòríta àkọ́kọ́, ó gba ẹnu gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Towé, ẹ mọ ohùn yìí. Èmi Ràúdátù ti rádíò ni. Mo sọ fún yín pé mo wo fíìmù Flavienne láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irọ́ ni. Ìdajì ni mo wò. Mo pe Màmá Déborah lólè, mi ò sì mọ nǹkan kan. Ẹ lọ sí Pobè lọ́jọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín wò ó."

Ó sọ ọ́ ní ìkòríta mẹ́fà. Àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, torí kò wọ́pọ̀ kí àgbàlagbà gun alùpùpù olókùú kó máa bú ara rẹ̀. Lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa, ọkùnrin kan dá a dúró, ó ní kó kúkú sọ bí fíìmù náà ṣe parí, kí àwọn má bàa náwó ọkọ̀ dé Pobè.

"Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó tún gbà á lẹ́nu mi," ni Ràúdátù wí. "Ẹnu mi yìí náà ló bà á jẹ́. Ẹ lọ wò ó."

Ní aago mẹ́ta ọjọ́ Àìkú, ilé àwọn ọ̀dọ́ Pobè kò kún tán, àmọ́ èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tààrà nínú aṣọ funfun wọn. Iwájú pátápátá ni Bàbá Josué jókòó sí, àbúrò ọkọ Màmá Déborah, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́rin. Oko Pobè ni wọ́n sùn láti Ọjọ́bọ̀, wọn ò gbọ́ ti alùpùpù. Ohun tí rádíò sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbọ́, òun náà ló sì gbé wọn wá. Wọ́n wá wo olè.

Ràúdátù ò lọ sídìí àga. Ó dojú kòròbá kan dé lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e. Nígbà tí wọ́n ń lé opó náà, àwọn ọmọ Josué pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín sókè. Ojú àwòrán ṣókùnkùn, àwọn kan ti ń mú àpò wọn, ni ọ̀rọ̀ kan bá yọ lára ògiri, èyí tí Flavienne ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sí i: *Kò tíì tán.*

Òjò rọ̀ lára ògiri. Pèrègún àkọ́kọ́ yọrí, ìkejì yọ, ìkẹta yọ. Ẹnì kan láàárín èrò bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n jẹ́jẹ́, ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Josué dìde. Ó fi fìlà rẹ̀ sórí, ó ń bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ràúdátù ò kúrò lórí kòròbá rẹ̀.

"Ẹ padà lọ jókòó, Bàbá. Kò tíì tán."

"Ta ni ọ́ tí o fi ń dá mi dúró?"

"Èmi lẹni tó jáde níbi tí ẹ fẹ́ jáde yìí," ni Ràúdátù wí.

Gbogbo ilé ti yíjú sí wọn. Bàbá Josué dúró síbẹ̀ pẹ́, ìmọ́lẹ̀ àwòrán ń ṣú ń tàn lára agbádá rẹ̀, wọ́n sì ń ka pèrègún lọ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà lọ síbi àga rẹ̀. Màmá Déborah wà ní ìpẹ̀kun ìlà iwájú kan náà tí Josué jókòó sí, kò wo ẹ̀yìn látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá náà fa etí sùtánà rẹ̀ mọ́ra kí ọkùnrin náà lè rí ọ̀nà kọjá.